Bí Ibà Lassa Ṣe Ń Ráyè Wọ Ara Ènìyàn: Ìtàn Rẹ̀ láti Ọdún 1969

Àkókò tí a ń sá èlùbọ́, tí a ń kó àgbàdo sí àká, tí iná ń jó igbó lọ́tùn-ún lósì, àkókò náà ni eku ń kó ẹrù rẹ̀ bọ̀ wá sílé. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ wa fi dá lórí ibà Lassa. A mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ìkìlọ̀ nípa rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà: ẹ bo oúnjẹ yín, ẹ lé eku. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá kàn ń pa àṣẹ fún àgbẹ̀ láìsọ ìdí rẹ̀, àgbẹ̀ yóò mi orí, yóò sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Lassa kì í ṣe orúkọ àrùn tẹ́lẹ̀. Ìlú kékeré kan ni, ní apá àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ní ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Borno báyìí. Ìjọ Brethren ti Amẹ́ríkà ní ọsibítù kan níbẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń lọ lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan tí ó ń jẹ́ Laura Wine bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹ̀yìn ń ro òun, ọ̀fun sì ń dun òun. Oògùn tí wọ́n fún un kò ràn án. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí ọsibítù àwọn míṣọ́nnárì ní Jos, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀ ní Jos, ti fi ìka tí ó ní ojú egbò kékeré nu ẹnu aláìsàn náà. Òun náà dùbúlẹ̀, ó sì kú ní oṣù Èrèlé. Ẹnì kẹta ni Lily Pinneo, nọ́ọ̀sì bíi tiwọn. Wọ́n gbé e gba Èkó lọ sí New York. Ó jẹ ìrora fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò kú.

Ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wọ̀nyí ni wọ́n gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà. Dókítà Jordi Casals, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì tí ó ti ń gbé Amẹ́ríkà láti ọjọ́ pípẹ́, ni ó rí kòkòrò àrùn náà. Ní oṣù Okúdù ọdún 1969 kan náà, àrùn tí ó ń wádìí mú òun fúnra rẹ̀. Omi inú ẹ̀jẹ̀ Pinneo, tí ara rẹ̀ ti ṣẹ́gun àrùn náà, ni wọ́n fà sí i lára, ó sì yè é. Kí ọdún náà tó parí, Juan Roman, òṣìṣẹ́ kan ní ilé iṣẹ́ náà tí kò fọwọ́ kan kòkòrò náà rárá nínú iṣẹ́ rẹ̀, kó àrùn yìí, ó sì kú. Wọn kò mọ ọ̀nà tí ó gbà kó o. Yale jáwọ́ nínú títọ́jú kòkòrò náà láàyè, iṣẹ́ náà sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Atlanta tí yàrá wọn le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní Jos, nínú wọ́ọ̀dù ọsibítù. Dókítà Jeanette Troup, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ fura sí àrùn náà tí ó sì fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí òkèèrè, gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ó ń ṣe àyẹ̀wò òkú kan. Ó kú ní oṣù Èrèlé.

Ẹ kíyè sí i pé orúkọ òyìnbó ni ó pọ̀ jù nínú ìtàn tí mo ń sọ yìí. Kì í ṣe pé òyìnbó nìkan ni ó ń kú. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí ọkọ̀ òfuurufú wọ̀ dé yàrá àyẹ̀wò ni ìwé kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ àti aya wọn tí ibà kan náà ń pa nínú abà, àwọn ará ilé wọn ti fi ẹ̀sùn kan àjẹ́ tàbí kí wọ́n ní ibà lásán ni. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ tí ó tú àkọsílẹ̀ inú kòkòrò náà wò láti Nàìjíríà àti Sierra Leone, tí àwọn ará Irrua àti Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ wà lára wọn, ṣe ìṣirò pé ó ti wà ní ilẹ̀ Nàìjíríà láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, lẹ́yìn náà ni ó tó tàn lọ sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nítorí náà, 1969 kọ́ ni àrùn náà dé. Ọdún tí a fún un lórúkọ ni.

Ibo ni ó ń gbé láàrin ìgbà tí kò bá pa ènìyàn? Sierra Leone ni ìdáhùn ti wá. Nígbà tí àrùn náà jà ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà ní ọdún 1972, àwọn olùwádìí dẹ pàkúté yí ilé ká, wọ́n sì yẹ ẹran kékeré gbogbo tí ó kó sí i wò. Inú eku kan báyìí ni wọ́n ti bá kòkòrò náà, ìwé ìwádìí wọn sì jáde ní ọdún 1974. *Mastomys natalensis* ni àwọn onímọ̀ ń pe eku náà. Ohun tí ẹ ó fi dá abo rẹ̀ mọ̀ ni ọmú rẹ̀: ó pọ̀ tìrìgàngàn, ó lè tó mẹ́rìnlélógún, nígbà tí ti àwọn eku ilé yòókù kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹran tí ó ní ọmú tó bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ méjì mẹ́ta ni ó ń bí.

Àrùn náà kì í pa eku yìí. Láti kékeré ni ó ti ń kó o, kò sì ní rù, kò ní ṣòjòjò. Yóò kàn máa tọ̀ ọ́ dà sílẹ̀ níbikíbi tí ó bá rìn dé. Kò dà bí eku igbó tí ń sá fún ènìyàn. Nígbà òjò ó máa ń jẹ kiri oko, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú oúnjẹ oko tán tí iná sì jó ibùgbé rẹ̀, àká àti ilé ìdáná wa ni ó ń gbà lọ. Ẹ wá rí i pé ẹni tí ó ń dáná sun igbó ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ń ránṣẹ́ pe àlejò.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń bi mí nípàdé pé, ṣé ẹdá ni eku yìí ni, àbí ẹmọ́, àbí eku ilé lásán? Èsì mi ni pé kí ẹ má ṣe fi orúkọ tan ara yín. Ní ọdún 2016, Dókítà Ayodeji Olayemi ti Ifásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé kòkòrò Lassa wà nínú irú eku méjì mìíràn pẹ̀lú ní Nàìjíríà. Gbogbo eku tí ó bá ti wọ ibi tí oúnjẹ wà, ẹ kà á sí ọ̀tá.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a bá kòkòrò náà dé inú ara. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ dókítà nìyí. Èmi náà kì í ṣe dókítà, iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mo gba dípúlọ́mà lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ àfòmọ́ orí igi kòkó ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀. Ara igi ni ó lẹ̀ mọ́, omi igi ni ó ń mu, bí kò bá rí igi kò lè dàgbà. Bẹ́ẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì rí. Kò lè jẹun, kò lè mí, kò lè bímọ fúnra rẹ̀. Ara wa jẹ́ àkójọpọ̀ yàrá tíntìntín tí kò lóǹkà, tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, inú yàrá yìí sì ni gbogbo iṣẹ́ ara ti ń lọ. Fáírọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ kí ó tó lè pọ̀ sí i. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí a bá to 10,000 kòkòrò Lassa sí ìlà kan, ìlà náà kò ní gùn ju nǹkan bíi mílímítà kan lọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ wo ẹbí rẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó dà bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ iyanrìn ní èdè Látìn pe ẹbí náà: arena. Ohun tí wọ́n rò pé iyanrìn ni jẹ́ àwọn ohun èlò tí ó jí gbé nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó ti jáde.

Ohun ìní rẹ̀ kò pọ̀. Okùn àkọsílẹ̀ méjì péré ni ó ní, irú purotéènì tí ó sì ń fi wọ́n ṣe kò ju bíi mẹ́rin lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni ó wà lóde ara rẹ̀ bí ẹ̀gún, òun ni ó ń fi di sẹ́ẹ̀lì mú.

Kí ni ẹ̀gún náà ń dì mú? Ọdún 1998 ni wọ́n tó rí i. Lára sẹ́ẹ̀lì wa, purotéènì kan wà tí ń jẹ́ dystroglycan. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí iṣẹ́ okùn tí a fi so ọwọ́ iṣu mọ́ èdìdì: ó so sẹ́ẹ̀lì mọ́ ohun tí ó yí i ká kí ó má baà já. Ara okùn yìí ni ẹ̀wọ̀n ṣúgà kan wà, ara ṣúgà yìí gan-an sì ni ẹ̀gún Lassa ń lẹ̀ mọ́. Okùn yìí wà lára sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ nínú ara, láti ẹ̀dọ̀ títí dé iṣan. Ìdí nìyí tí àrùn náà kì í fi mọ sí ojú kan. A kò sì lè sọ pé kí ara mú okùn náà kúrò, nítorí ẹni tí a bí láìní ṣúgà orí rẹ̀ dáadáa, iṣan ara rẹ̀ ni yóò máa rọ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ilé Yorùbá. Jíìnì, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, kan wà tí wọ́n ń pè ní LARGE. Òun ni ó ń pàṣẹ kí ara ṣe ẹ̀wọ̀n ṣúgà yẹn. Nínú iṣẹ́ ìwádìí kan tí gbogbo ayé fọwọ́ sí, wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ lára ìdílé Yorùbá 30 ní Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ àkọsílẹ̀ inú ẹ̀jẹ̀ náà wò, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2007 pé irú LARGE kan báyìí ti tàn kálẹ̀ láàrin àwọn ènìyàn wa ju bí ó ti yẹ lọ, bí ẹni pé ó ti ń gba àwọn tí ó ní i là láti ìran dé ìran. Wọ́n rò pé ibà Lassa ni ó fà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣa irúgbìn àgbàdo mọ ọgbọ́n yìí: ọdún tí àrùn jẹ oko, èyí tí kò kú ni a ń gbìn ní ọdún kejì. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ́nnu pé ọmọ Yorùbá ni òun, Lassa kò lè mú òun. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2024, tí wọ́n fi àwọn aláìsàn Nàìjíríà àti Sierra Leone ṣe, rí i pé irú LARGE yìí bá ewu dídínkù rìn ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n wọn kò rí i bẹ́ẹ̀ ní Sierra Leone. Ọ̀wọ̀ sì wà lára ìlú tí Lassa ti ń pa ènìyàn jù ní ilẹ̀ Yorùbá.

Dídi sẹ́ẹ̀lì mú kò tíì tó. Sẹ́ẹ̀lì á gbé kòkòrò náà mì bí ẹni gbé òkèlè mì, á sì fi í sínú àpò kan. Nínú àpò yìí ni nǹkan ti ń kan díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sómi ṣe ń kan kí ó tó di fùfú. Kíkan yìí ni ó yẹ kí ó jẹ kòkòrò náà run. Ṣùgbọ́n Lassa ti sọ ìyà náà di èrè. Bí ibẹ̀ bá ti kan dé ìwọ̀n kan, ẹ̀gún rẹ̀ á jọ̀wọ́ okùn àkọ́kọ́, á sì di purotéènì mìíràn mú tí ń jẹ́ LAMP1. Nígbà náà ni ẹ̀gún náà yóò yí padà, apá ìta rẹ̀ á bọ́ dànù, èyí tí ó kù á là bí ìwọ̀ ẹja, á fa awọ kòkòrò àti awọ àpò pọ̀ di ọ̀kan. Ihò yọ nìyẹn, okùn àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wọlé.

Adìẹ ni wọ́n fi tú àṣírí LAMP1. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì adìẹ kì í gba Lassa, wọn kò sì mọ ìdí rẹ̀, nítorí okùn dystroglycan wà lára adìẹ náà dáadáa. Ní ọdún 2014 ni àwọn olùwádìí rí i pé ilẹ̀kùn kejì ni ó sé mọ́ ọn. LAMP1 ti ẹyẹ kò ní ṣúgà kan ṣoṣo tí ti ènìyàn ní, kòkòrò náà á wọ inú àpò, á sì há síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bóyá adìẹ yín lè kó Lassa, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí adìẹ. Ohun tí ó yẹ kí ẹ wò ni oúnjẹ adìẹ tí ń fa eku wá. Ebola tí ó wọ Èkó ní oṣù Agẹmọ ọdún 2014 náà ní ilẹ̀kùn kejì tirẹ̀ nínú àpò kíkan, NPC1 ni wọ́n ń pè é, ọdún 2011 ni wọ́n rí i.

Bí Lassa bá ti wọlé, purotéènì kan tí ń jẹ́ L á bẹ̀rẹ̀ sí í da àkọsílẹ̀ kọ. Sẹ́ẹ̀lì wa ní aago ìdágìrì fún irú nǹkan báyìí: bí ó bá rí okùn àjèjì oníbejì, á ké sí àwọn ọmọ ogun ara. Ní ọdún 2010 ni wọ́n fi hàn pé purotéènì kejì, NP, tí ó ń wé okùn àkọsílẹ̀, ní eyín. Okùn tí ì bá ta aago jí gan-an ni ó ń rún jẹ. Nítorí náà aago kì í dún. Purotéènì kékeré tí ń jẹ́ Z á wá kó àwọn ọmọ tuntun jọ sí ẹ̀bá awọ sẹ́ẹ̀lì, á tì wọ́n jáde. Ohun tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ogun ara tí ó yẹ kí ó dún aago ni kòkòrò náà kọ́kọ́ ń wọ inú wọn. Kì í sábà pa sẹ́ẹ̀lì tí ó wọ̀. Ó ń gbé inú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ń pọ̀.

Ẹ fi èyí wé ohun tí a ń rí. Láti ọjọ́ tí ènìyàn bá kó o, ó lè tó ọjọ́ mẹ́fà sí ọjọ́ mọ́kànlélógún kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Nígbà tí ó bá sì bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́ ni: orí fífọ́, ọ̀fun dídùn, ara ríro. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, nǹkan bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ni kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ lára wọn. Lára àwọn yòókù, òpó ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ojú á wú, ẹ̀jẹ̀ lè máa yọ ní imú tàbí èrìgì. Ẹ má ṣe dúró de ẹ̀jẹ̀ o, ọ̀pọ̀ ni kò rí ẹ̀jẹ̀ tí ó fi kú. Aboyún tí oyún rẹ̀ ti dàgbà ni ó ń ṣe léṣe jù, àti ọmọ inú rẹ̀. Àwọn tí ó yè é náà, etí wọn lè di. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Sierra Leone tí ó jáde ní ọdún 1990 rí i lára nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta àwọn tí wọ́n gbà sí ọsibítù. Ní ọdún 2018, iye àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó mú ní Nàìjíríà lé ní 600. Ní ọdún 2020, ó lé ní 1,000, Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Edo sì wà lára ibi tí ó ti pọ̀ jù.

Kòkòrò yìí tí ó gbọ́n tó báyìí, awọ ọ̀rá ni ó wọ̀. Ọṣẹ lásán ń bó awọ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni omi bílíìṣì. Iná tí a fi se oúnjẹ jinná ń pa á. Kí ó tó dé ara okùn dystroglycan ni ọwọ́ wa lè tó o. Bí ó bá ti kọjá ibẹ̀, iṣẹ́ dókítà ni. Ẹ wá wo àwọn àṣà wa. Gààrí tí a ti yan jinná kò ní àrùn nígbà tí ó ń bọ́ láti inú agbada. Lẹ́yìn ìgbà tí a dà á sílẹ̀ kí ó tutù, tí a fi í sílẹ̀ mọ́jú, ni eku ń tọ̀ sí i, ẹni tí yóò sì fi omi tútù mu ún kò tún ní fi iná kàn án. Èlùbọ́ tí a sá sí etí títì náà ńkọ́? Ẹ sá a sórí pèpéle tí ó ga, ẹ kó o wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ dà á sínú àgbá tí ó ní ìdérí. Àká àgbàdo, ẹ yí páànù mọ́ òpó ẹsẹ̀ rẹ̀ kí eku má lè gùn ún, kí ẹ sì ro koríko ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbá yàrá tí eku ti gbé, ẹ má gbá a ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ ni ẹ ó fà símú. Ẹ kọ́kọ́ fi omi bílíìṣì rin ín. Àwọn ọmọ tí ń fi ọwọ́ lásán bó eku jẹ lóko, ẹ bá wọn wí.

Ní ti oògùn, ìwé kan láti Sierra Leone ní ọdún 1986 ni ó sọ pé ribavirin ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàrin ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ àìsàn. Láti ìgbà náà àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí bí agbára rẹ̀ ti tó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jiyàn pé kí aláìsàn tètè dé ọsibítù. Ní ọdún 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán abẹ́rẹ́ àjẹsára kan wò lára àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà, Ghana àti Liberia. Kòkòrò àrùn kan tí ń mú màlúù àti ẹṣin ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n mú, wọ́n yọ ẹ̀gún tirẹ̀ kúrò, wọ́n sì fi ẹ̀gún Lassa sí i, kí ọmọ ogun ara lè ti mọ ojú ẹ̀gún náà kí olówó rẹ̀ tó dé.

Bí ibà bá mú ara ilé yín tí ẹ ti lo oògùn ibà fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí kò lọ, ẹ má pààrọ̀ oògùn ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba. Bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ó ń ṣe é, ẹ sọ fún wọn pé àgbẹ̀ ni yín, pé eku wà nínú àká yín, kí wọ́n yẹ ẹ́ wò fún Lassa. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ àti ti Irrua ní Ìpínlẹ̀ Edo ti mọ́ ìtọ́jú rẹ̀ lára. Ẹni tí yóò bá yín gbé e sínú ọkọ̀, kí ó fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, kí ó sì fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ rẹ̀ bí ó bá ti gbé e kalẹ̀.